Èékánná Àbúrò Mi

Wọn kì í gbé òkú ẹni tí wọ́n bá so kọ́ fún ẹbí rẹ̀. Mo ti mọ èyí tipẹ́, kí wọ́dà kan ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àbúrò mi wà tó pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ti buwọ́ lùwé ikú àbúrò yín. Ọ̀la ni. Ẹ tètè máa bọ̀." Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí máṣíìnì ní Ọjà Ọba, l'Ákùúrẹ́, mo ju sísọ́ọ̀sì sínú báàgì, mo bọ́ sọ́nà.

Ẹ má bi mí bóyá ó jẹ̀bi. Ó jẹ̀bi! Ó ṣá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ládàá lóko kòkó nítorí ààlà ilẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ sì kú. Mo bú u títí ẹnu fi ro mí. Ṣùgbọ́n ìyá kan náà ló bí wa. Nílé wa l'Óǹdó, ẹni tí a kò bá rí òkú rẹ̀ gbé wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ là ń gbé wálé sin. Mo ti pinnu pé àbúrò mi kò ní sọnù síbẹ̀.

Ní ẹnu géètì ni wọ́n ti gba sísọ́ọ̀sì. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀! Mo ru irin olójú mímú lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ wá tú u sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n mú un jáde, wọ́n ti fá orí rẹ̀ kodoro. Ó ku èékánná. Mo ní, "Mú ọwọ́ rẹ wá." Ó mọ ohun tí mo ń wá. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ ẹnu, ó ń fi eyín gé èékánná lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tu wọ́n sínú áńkáṣíìfù mi. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́dà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tọwọ́ òsì, ọ̀gá wọn ní àsìkò ti tó.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí."

Mo ní, "Ó yẹ kó bà ọ́. Ṣùgbọ́n wàá délé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́nu géètì títí wọ́dà yẹn fi jáde. Ó ní, "Ó ti parí, Àǹtí." Mo sunkún níbẹ̀ láìtijú ẹnikẹ́ni, mo nu ojú, mo wọ mọ́tò Oǹdó.

Àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, bá mi lẹ́yìnkùlé ilé wa pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé orí rẹ pé? Èékánná ọwọ́ tó fi pa ọmọ ọlọ́mọ lo fẹ́ rì mọ́lẹ̀ nílé wa?"

Mo ní, "Ọwọ́ náà ni, Bàbá. Wọn ò jẹ́ kó gé tòsì."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀.