Mínísítà ṣàdúrà, a ṣe Àmín

Mo ṣe Àmín lónìí, inú sì ń bí mi sí ara mi títí di ìsinsìnyí.

Aṣòfin wa ló mú mínísítà kan wá sí gbọ̀ngàn kan ní Ìkọ̀tún, kó wá dáhùn ìbéèrè wa. Obìnrin ni aṣòfin yìí, kì í wojú ẹnikẹ́ni.

Ó ní: "Mínísítà, sà, ẹ ṣèlérí jẹnẹrétọ̀ fún ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò wa. Ìgbà wo ló máa dé?"

Torí ìyẹn gan-an ni mo ṣe lọ. Iná fóònù ni àbúrò mi fi bímọ níbẹ̀. Èmi ni mo di fóònù náà mú.

Mínísítà rẹ́rìn-ín, ó gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ̀yin ìyá wa, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ!"

Gbogbo gbọ̀ngàn pariwo: "Àmín!"

Ohùn tèmi ló ròkè jù. Mo tún fọwọ́ méjèèjì pa ojú.

Aṣòfin gbá tábìlì. "Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè ni mo bi wọ́n! Ìgbà wo, sà?"

Bàbá kan níwájú bá jágbe mọ́ ọn: "Ọnọrébù, wọ́n ti ṣàdúrà fún wa. Kí lẹ tún fẹ́?"

Bí mínísítà ṣe jókòó nìyẹn. Kò dá ọjọ́ kankan.

Mo délé, àbúrò mi gbé ọmọ pọ̀n, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo ni wọ́n ní ó máa dé?"

Mo na ọwọ́ gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi jàre: ta ló lè gbọ́ irú àdúrà yẹn, kó má ṣe Àmín?