Àtẹ Ìdánwò Tí Sójà Pè Ní Máàpù Ogun

Lónìí, ní ọ̀nà Àyèká, sójà tó ń yẹ ẹrù èrò wò kọjú ìbọn sí àyà mi nítorí àtẹ ìdánwò.

Ó bá káàdì tíṣà mi àti ìwé kan nínú báàgì mi. Mo ya àmì róbótó aláwọ̀ oríṣiríṣi sí ìwé náà, mo sì fa ìlà so wọ́n.

"Tíṣà, ibùdó sójà wo lo yà yìí?"

Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀kọ́ ni róbótó kọ̀ọ̀kan, wákàtí ìdánwò rẹ̀ sì ni àwọ̀ rẹ̀. Tí ọmọ kan bá ń ṣe ẹ̀kọ́ méjì, mo máa ń fa ìlà so wọ́n. Àwọ̀ wọn ò gbọdọ̀ jọra, kí ìdánwò wọn má bàa bọ́ sí wákàtí kan náà."

Ó wò ó títí. Ó ní kí n máa lọ, ṣùgbọ́n ó gba ìwé náà.

Ọ̀la ni ọ̀gá ilé ìwé fẹ́ rí àtẹ náà. Ọ̀nà Àyèká yẹn náà ni mo sì máa gbà gbé e lọ. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa tún un yà?