Ẹ Má Fọwọ́ Kàn Mí, Mo Ń Dìde

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòròdú, orí ìdúró ni mo sì ti kọ́ wọn. N kì í jókòó ní kíláàsì. Èmi yìí náà ni mo nawọ́ sí ife tíì láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ọwọ́ òsì mi kọ̀, bí ẹni pé kò mọ̀ mí rí. Kí ọkọ mi tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹsẹ̀ òsì ti bá ọwọ́ lọ, ẹnu mi sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rọpárọsẹ̀ ni wọ́n pè é ní ọsibítù.

Ọlọ́run bá mi ṣe é, n kò kú. Ọ̀rọ̀ padà sí mi lẹ́nu, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fún mi ní ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo délé ni mo ṣubú ní balùwẹ̀. Kò sí egungun tó ṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lẹ̀ mọ́ táìlì tútù, mo ń wo ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dìde. Ó pẹ́ kí ọkọ mi tó gbọ́ igbe mi.

Láti ọjọ́ náà, ikú kọ́ ni mo ń bẹ̀rù mọ́. Táìlì ni. Bí mo bá fẹ́ lọ sí yàrá, ọkàn mi á ti ṣubú kí ẹsẹ̀ mi tó gbéra. Mo ń di ògiri mú, mo ń di kọ́tìnnì mú. Nígbà tó yá, n kò dìde mọ́. Omi gan-an, mo dín in kù, kí n má baà máa lọ tọ̀ ní gbogbo ìgbà.

Àwọn ará ilé mi náà wá fi ìfẹ́ so mí mọ́ àga. Ọkọ mi, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, gbé ọ̀pá mi pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kó má baà wù mí láti rìn. Ọmọbìnrin wa a máa pè láti ọ́fíìsì rẹ̀ ní Èkó: "Mọ́mì, ẹ ò tíì dìde o? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde o." Ó ra agogo kékeré kan wá, ó ní bí mo bá fẹ́ ohunkóhun, kí n lù ú. Èmi tí mo ń fi agogo kó odindi ilé-ìwé wọlé! Mo jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Inú ń bí mi gidi gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà mí ju ìbínú lọ, mo bá jókòó.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń tọ́jú ẹsẹ̀ mi ní ọsibítù. Fisió ni gbogbo wa ń pè é. Kò lè ju ọmọ mi lọ. Lọ́jọ́ kan ó tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ kan sílẹ̀, ó ní, "Mà, lónìí ẹ máa lọ sílẹ̀."

"Ilẹ̀ wo?"

"Ilẹ̀ yìí, mà. Ẹ máa dùbúlẹ̀ sí i, ẹ máa sì dìde fúnra yín."

"Ọmọ mi, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà. Ó ní ẹ̀rù yẹn gan-an ló ń mú ara mi le gbagidi, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì le gbagidi ló ń tètè ṣubú. "Ẹ rò pé bí ẹ bá ti dé ilẹ̀, ó parí nìyẹn. Mi ò lè ṣèlérí pé ẹ ò ní ṣubú mọ́, mà. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n kọ́ yín bí ẹ ṣe máa kúrò níbẹ̀."

Gbogbo ẹni tó ń wá kí mi ló ń sọ pé n kò ní ṣubú mọ́ láé. Mo ń ṣe àmín, mo sì ń jókòó. Ọmọ yìí nìkan ló bá mi sọ òótọ́. Mo ní, "Ó dáa, kọ́ mi."

Ó ní kí n yí sí apá ọ̀tún tó lágbára. Kí n fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀, kí n jókòó, kí n wọ́ dé ìdí àga. Kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àga, kí n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, kí n wá ti ara mi sókè. Lẹ́nu, kò le. Lọ́jọ́ náà mo laágùn bí ẹni tó gún iyán ìnáwó, n kò sì dìde àfi ìgbà tó fọwọ́ sí mi ní ìbàdí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò fọwọ́ sí i mọ́.

Mo wá ń dá a ṣe nílé. Ọkọ mi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ kan, ó bá mi gbalaja ní pálọ̀. Ó lọgun, ó sáré sí mi.

"Dádì, ẹ má fọwọ́ kàn mí!"

"Mọ́mì, o ti ṣubú!"

"Mi ò ṣubú. Èmi ni mo lọ sílẹ̀. Ẹ jókòó, kí ẹ máa wò mí."

Ó jókòó. Mo yí, mo wọ́, mo kúnlẹ̀. Ó pẹ́ púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló na ọwọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ojú lé ọwọ́ náà padà. Nígbà tí mo dúró tán, omi wà lójú rẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú ọ̀pá mi wá, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Mo ní mò ń lọ sí Èjìnrìn lọ wo àbúrò ìyá mi, tí mi ò tíì rí láti ìgbà àìsàn. Ó ní kí ìyá náà wá sọ́dọ̀ wa. Mo ní, "Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, Dádì. Èmi ni mo ń lọ, èmi nìkan." Ó sìn mí dé Gáréèjì, ó bá mi wá àyè níwájú ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, ó dúró síbẹ̀ títí a fi lọ.

Ọjọ́ ọjà ni. Mo ti inú ọkọ̀ bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo sọ̀ kalẹ̀ létí omi, mo ń gba àárín àwọn ẹlẹ́ja kọjá, ẹsẹ̀ òsì mi bá kọ́ okùn àwọ̀n kan. Mo lọ sílẹ̀ gbì.

"Yéè! Màmá ti ṣubú o!"

Ọkùnrin kan ti di apá òsì mi mú, ó ń fà á.

"Fi apá yẹn sílẹ̀! Òun ló ń ṣàìsàn."

"A fẹ́ gbé yín ni, mà," obìnrin ẹlẹ́ja kan sọ.

"Ẹ má gbé mi. Àga ni kí ẹ gbé wá."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n gbé àpótí kúkúrú kan wá. Mo ní kò ga tó. Wọ́n lọ wá òmíràn. Èmi ṣì wà nínú iyanrìn, ẹ̀rù náà sì dé bó ṣe máa ń dé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo yí sí ọ̀tún. Nígbà tí mo dúró, ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ẹ má pàtẹ́wọ́, ẹ máa tajà yín."

Mo pe ọkọ mi láti ilé àbúrò ìyá mi. "Dádì, mo ṣubú."

Ó ní, "Ta ló gbé ọ dìde?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Ó ní, "Bá mi ra ẹja bọ̀."

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, pàápàá bí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ ń yọ̀. Mo ń jáde bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní Sátidé tó kọjá, ọmọbìnrin mi dì mí mú lápá lórí àtẹ̀gùn ilé. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ó fi mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí mi. Ìyẹn, mo gbà fún un.