Gílóòbù Aṣòfìfo-díná

Aṣòfìfo-díná ni àwọn aládùúgbò sọ bàbá kan, tẹ̀rín-tẹ̀yẹ̀yẹ́ sì ni wọ́n fi ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó tú wáyà bàbà tó jóná kúrò nínú mọ́tò fáànù àti ti ẹ̀rọ ìlọta, kó sì we tuntun sí i. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀, alágbàfọ̀ tí áyọ́ọ̀nù kì í tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé ìròyìn kan ló kó sí i lórí. Ó kà níbẹ̀ pé bí èèyàn bá kó gbogbo nǹkan kúrò nínú ìgò, títí kan afẹ́fẹ́ àti ooru, agbára kan ṣì ṣẹ́kù níbẹ̀ tí kì í sinmi, àwọn kan sì ń retí pé yóò di iná mànàmáná lọ́jọ́ kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé ò tíì gbà. Ta ló bi wọ́n? Bàbá we wáyà tín-ín-rín ní ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ó gbé e ti ògiri àárín ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, ó so gílóòbù kékeré mọ́ ọn. Kò pẹ́, gílóòbù tàn! Ó kú, ó tún tàn. “Òfìfo ń mí,” ló kọ sínú ìwé rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ fọn rere rẹ̀ fún gbogbo oníbàárà. Òun ló bẹ olùkọ́ físíìsì kan tó máa ń gbé aṣọ wá fún un pé kó wá wò ó. Lọ́jọ́ náà, ìyàwó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó múra, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀. Gílóòbù ò tàn. Wákàtí kan kọjá, òógùn bo bàbá. Ojú ti ìyàwó, ó bá gba kóòtù olùkọ́ tó ti rún.

“Ẹ jẹ́ n bá yín lọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó lọ.”

Ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó tan áyọ́ọ̀nù, gílóòbù sì tàn. Olùkọ́ wo bàbá, bàbá wo ògiri. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fa iná ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, tó sì fa wáyà áyọ́ọ̀nù gba inú ògiri yẹn; iná áyọ́ọ̀nù ni wáyà tó we ń jí gbà.

“Ṣé kí n sọ fún màmá?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ. Ìyàwó mi ti fi mí yangàn fún gbogbo àdúgbò.”

Ọdún mọ́kànlá ni gílóòbù fi wà níbẹ̀. Ìyàwó á ké láti ẹ̀yìn ògiri pé, “Olówó orí mi, ṣé ó ti tàn?” Bàbá á ní, “Ó ti tàn, ìyàwó!” Ayé dùn nígbà náà, ká má purọ́. Kò sí ohun tí bàbá ò lè fi sílẹ̀ kó tún gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa lé e bá. Nígbà tí àìsàn dá ìyàwó dùbúlẹ̀, ẹ̀rù ba bàbá pé ìyàwó yóò kú láì mọ òótọ́. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó jẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

“Mo ti mọ̀ látọjọ́ tí olùkọ́ wá. Ta lẹ rò pé ó ni aṣọ tí mo máa ń lọ̀ tí oníbàárà ò bá wá? Aṣọ ibùsùn wa kan náà ni. Mo ti lọ̀ ọ́ títí ó fi ya.”