Píìnì Méje Nínú Lọ́ọ̀kù Bàbá Mi

Títí di òní, bí mo bá rántí ọjọ́ tí mo tú lọ́ọ̀kù ilẹ̀kùn àbáwọlé ilé wa l'Ọ̀wọ̀, àyà mi a ṣì máa já. Ẹ má rò pé olè ni mo ká mọ́ ibẹ̀ o. Píìnì ni mo bá nínú rẹ̀, irin tín-ín-rín tí kò tó orí ìṣáná.

Ará Àkókó ni bàbá mi. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé e dé Ọ̀wọ̀, òun ló sì ń tún lọ́ọ̀kù ṣe ní àwọn ilé tí ìjọba ń fi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí. Bí òṣìṣẹ́ kan bá kó jáde, bàbá mi á yí inú lọ́ọ̀kù padà, kí kọ́kọ́rọ́ ẹni tó lọ má baà ṣí ilẹ̀kùn ẹni tó dé. Ọmọ Ọ̀wọ̀ gan-an ni ìyá mi ní tirẹ̀, ó sì máa ń fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó mọ inú irin ju inú èèyàn lọ. Àwa méjì péré ni wọ́n bí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò bìkítà fún lọ́ọ̀kù rárá. Èmi ni mo máa ń jókòó ti bàbá mi tí ó bá ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì.

"Ihò márùn-ún," á wí fún mi. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, píìnì ìsàlẹ̀ ni eyín kọ́kọ́rọ́ ń tì sókè. Píìnì òkè jókòó lé e, sípíríǹgì sì ń tẹ àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá jẹ́ tirẹ̀, ibi tí píìnì méjèèjì ti pàdé á bá etí ọ̀pá róbótó inú lọ́ọ̀kù dọ́gba, ọ̀pá náà á sì yí. Bí ẹ bá fẹ́ lo kọ́kọ́rọ́ mìíràn, ẹ ó fa ọ̀pá yọ, ẹ ó da àwọn píìnì ìsàlẹ̀ dànù, ẹ ó to òmíràn tó bá eyín kọ́kọ́rọ́ tuntun mu. Ó ní ọgbọ́n kan tún wà tí ìjọba ń lò, kí kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá lè ṣí yàrá òṣìṣẹ́: wọn á ki píìnì pẹlẹbẹ kan sáàárín méjì, ibi ìpàdé á di méjì, kọ́kọ́rọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á sì ṣí i.

"A kì í ṣe irú èyí sí ilé ẹni," ó ní. "Ilẹ̀kùn kan, kọ́kọ́rọ́ kan."

Ọdún tí mo jáde ìwé mẹ́wàá ni wàhálà dé. Ẹ̀gbọ́n mi fi ilé-ìwé olùkọ́ni sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó lọ ń dá oko kòkó ní Okeluse. Bàbá mi ti sá fún àdá láti kékeré, ó sì gbà á bí ẹni pé ọmọ náà tutọ́ sí òun lójú. Lọ́sàn-án gangan, níwájú àwọn aládùúgbò, ó na ìka sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ kò ní ṣí ilẹ̀kùn mi mọ́ láyé!"

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó lọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ní ilé wa, a kì í dán ọ̀rọ̀ bàbá wò.

Kò pé wákàtí kan tí bàbá mi fi tú lọ́ọ̀kù. Èmi ni mo fi ẹ̀mú kékeré to píìnì. A ti to ihò mẹ́ta nígbà tó ní kí n lọ pọn omi.

"Bàbá, omi kún inú dúrọ́ọ̀mù."

Ó wò mí. Mo gbé garawa. Nígbà tí mo fi máa dé, fáìlì tó fi ń pọ́n irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ti ń de lọ́ọ̀kù padà mọ́ ilẹ̀kùn. Ó gba kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ lọ́wọ́ èmi àti ìyá mi, ó fún wa ní tuntun. Ti ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò gbà.

Láti ọjọ́ náà, ó kọ ojú àga rẹ̀ sí ilẹ̀kùn. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, á lọ lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù lúbúlúbú, á fẹ́ ẹ sínú ojú kọ́kọ́rọ́ kí ó lè máa yí wẹ́rẹ́. Láyé ológun yẹn, adigunjalè kò jẹ́ kí ará ìlú fojú kan oorun, gbogbo àdúgbò sì fi ìdábùú irin sẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí kó ṣe é sí tiwa, ó kọ̀ jálẹ̀. Lọ́ọ̀kù òun tó, ó ní. Mo bínú sí i gan-an, mo ní ìgbéraga oníṣẹ́ ọwọ́ ni yóò pa wá.

Ọdún kọkànlá tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ ni bàbá mi kú. Mo ti di olùkọ́ ní Iyere nígbà náà. A ránṣẹ́ sí Okeluse, èsì sì dé: òun yóò wá sí ibojì, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n tì mọ́ òun, òun kò ní wọ̀ ọ́. Ìyá mi ká ọwọ́ lérí. Ní ìdílé bàbá mi, àkọ́bí ló ń ṣíwájú òkú jáde láti pálọ̀. Ẹni tí kò wọlé, báwo ni yóò ṣe jáde? Àwọn ẹbí tó ti Àkókó wá ní bí kò bá ṣe é, ẹlòmíràn kò lè ṣe é, àwọn kò sì ní gbé òkú náà kúrò nílẹ̀.

Nínú gbogbo ìdààmú yìí ni ìyá mi ní kí n yí lọ́ọ̀kù padà, nítorí a kò mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bàbá mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú èrò tó ń wọlé tó ń jáde. Mo tẹ́ aṣọ funfun. Mo fa ọ̀pá yọ pẹ̀lú àwọn píìnì ìsàlẹ̀ inú rẹ̀, mo ń da ihò kọ̀ọ̀kan jáde. Ihò mẹ́ta àkọ́kọ́, píìnì kọ̀ọ̀kan. Ihò kẹrin, méjì. Ihò karùn-ún, méjì. Píìnì márùn-ún ni mo retí, méje ló wà níwájú mi.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣàṣìṣe ni. Bàbá mi kì í ṣàṣìṣe nínú irin. Mo gbé ọ̀kan nínú àwọn pẹlẹbẹ náà sókè, mo sì rí ojú fáìlì lára rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ń ṣí ilẹ̀kùn yìí. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ wa. Ta ló ni èkejì?

Igbe tí mo ké, ìyá mi rò pé irin ti gún mi. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi náà kò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni tàbí kí n lọ bá òkú náà jà.

Mo to gbogbo rẹ̀ padà bí mo ṣe bá a, mo sọ lọ́ọ̀kù sínú báàgì, mo wọ mọ́tò lọ sí Okeluse. Ẹ̀gbọ́n mi ń tú kòkó sórí ẹní nígbà tí mo dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kọ́kọ́rọ́ ilé wa ńkọ́?"

Ó wà lára kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀. Ó ní òun kàn ń mú un kiri ni. Mo gbé lọ́ọ̀kù lé e lọ́wọ́.

"Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yẹn bọ̀ ọ́."

"Ṣé o wá fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́."

Ó fi bọ̀ ọ́. Ó yí wẹ́rẹ́. Ó fà á yọ, ó tún fi bọ̀ ọ́, ó tún yí. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n la nǹkan mọ́ lórí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí bàbá wa ní kò ní ṣí mọ́."

Nígbà náà ló sọ ohun tí n kò gbọ́ rí. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó wá. Òjò ń rọ̀, ó dúró sí fàráńdà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ikọ́ bàbá wa lórí àga rẹ̀ nínú ilé. Ó ní òun kò lè dán ọ̀rọ̀ bàbá òun wò. Ó padà.

Ọjọ́ kejì, a jọ wá sí Ọ̀wọ̀. Mo de lọ́ọ̀kù náà mọ́ ilẹ̀kùn, mo tì í, mo sì yẹra. Àwọn ẹbí dúró lójúde. Ẹ̀gbọ́n mi fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣí i. Ìyá mi wà nínú ilé, ó na ọwọ́ sí i.

"Ulé rẹ rèé, ọma mi."

Kò tíì lọ bá a. Láti ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbi àga bàbá wa, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ sókè. Ó fi ọwọ́ kan apá àga náà, ó sì bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn.

"Ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré," ó ní.