Omi Agbóyì Lábẹ́ Gílóòbù Aláwọ̀ Mẹ́ta

Ní ọdún tí ó yẹ kí n jáde ní yunifásítì, àwọn olùkọ́ wa daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ti láàbù pa. Ni mo bá gbé iṣẹ́ àṣekágbá mi wá sílé wa ní Ìkòsì. Mo fẹ́ mọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ewé omi fi ń se oúnjẹ rẹ̀ dáadáa jù. Ewé yìí kéré débi pé ojú lásán kì í rí i, àfi tó bá pọ̀ tó sì sọ omi di àwọ̀ ewé.

Mo lọ bu omi tó ti di àwọ̀ ewé ní odò Agbóyì. Nílé, mo pín in sínú ìgò, mo gbé wọn sínú páálí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì tan gílóòbù pupa sí ọ̀kan, búlúù sí èkejì, àwọ̀ ewé sí ẹ̀kẹta. Kò sígbà tí mo tan gílóòbù tán tí wọn kì í mú iná lọ.

Lọ́jọ́ kan mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá gbogbo ìgò ní fífọ̀, wọ́n dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì. Mọ́mì ti da omi náà nù. Wọ́n ní ẹ̀fọn á yé sí i, pé ibà tó ń ṣe wá nínú ilé yìí ti tó. Mi ò lè bá wọn jà. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Mo padà sí Agbóyì. Lọ́tẹ̀ yìí, Mọ́mì fúnra wọn gé nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu àwọn ìgò, wọ́n sì ń jẹ́ kí n lo jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn. Nígbà tó yá, omi abẹ́ iná pupa àti ti búlúù ki bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Èyí tó wà lábẹ́ iná àwọ̀ ewé ṣì ṣàn bí omi ìrẹsì. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn, torí ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀ tó jọ àwọ̀ ara rẹ̀ mọ́ra.

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi. Wọ́n pè mí.

“Ṣé agbára ìmọ́lẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba?”

Mo ní mi ò ní ohun tí mo lè fi wọ̀n ọ́n.

“A jẹ́ pé a ò mọ̀ bóyá àwọ̀ ni, tàbí ìmọ́lẹ̀ ni kò tó.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Mọ́mì ní ṣé ẹni tó ń béèrè yẹn mọ iye epo tí a ti jó ni.

Nígbà tí wọ́n ṣí láàbù, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Èsì kan náà ló jáde. Ọ̀gá mi yìn mí, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí kọjá ayọ̀.