Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ohùn tí ẹ ń gbọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí ìjọba ṣèlérí pé ojú irin á dé àdúgbò wa, wọ́n ti ní kó ka orúkọ ibẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ìjọba mìíràn gorí àlééfà, wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀tá àwọn ni, wọ́n gbówó ojú irin náà lọ síbòmíì. Irú ìranù wo nìyẹn! Orúnkún tó ń dun ìyá wa, tó ń fẹsẹ̀ rìn délé láti ibi tí ojú irin parí sí, mọ ẹgbẹ́ òṣèlú ni?

Lánàá, èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti Màmá jọ wọkọ̀. Ọkọ̀ dúró, ohùn ẹ̀gbọ́n mi jáde lókè orí wa: “Ó tán síbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀.”

Màmá di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi: “Ṣé ìwọ náà lo tún ń lé mi bọ́ọ́lẹ̀?”